Nígbà Tí Ojú-Ìwé Bá Ń Sọ Ohun Tí Kernel Kò Ṣe Mọ́

Ẹ ṣí `man 2 open`, tàbí ojú-ìwé system call mìíràn tó bá wù yín nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà Linux, kí ẹ sáré kọjá àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí abala tí wọ́n kọ ERRORS sí lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n to orúkọ àṣìṣe sí, EACCES, EBADF, EMFILE, ENOENT, tí gbólóhùn kan tàbí méjì sì ń sọ ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé abala yìí àfi ìgbà tí sáfà bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lóru tí ọ̀gá sì ń pè lórí fóònù. Lójú tèmi, òun gan-an ló ń tètè gbó jù nínú ojú-ìwé. Iṣẹ́ tí `open` ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ayé Unix àtijọ́. Àwọn ìdí tí kernel fi lè kọ̀ láti ṣe é ló ń pọ̀ sí i, tó ń dín kù, tó sì ń kúrò lábẹ́ orúkọ kan bọ́ sábẹ́ òmíràn.

Ẹni tó yí kernel padà lè má rántí ojú-ìwé rárá, nítorí ibi ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ojú-ìwé sí, lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Andries Brouwer ló ń bójú tó àwọn man page Linux láti 1995; Michael Kerrisk gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2004, ó sì wà nídìí rẹ̀ fún ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó bọ́ sọ́wọ́ Alejandro Colomar. Ojú-ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún, àti ọwọ́ tí kò tó nǹkan: kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé àwọn gbólóhùn kan ti pẹ́ ju òótọ́ inú wọn lọ.

Orí yìí wà fún ẹni tó kan irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ tún un ṣe dípò kó kàn máa ráhùn. Èrò kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: òótọ́ tí àpèjúwe àṣìṣe ń sọ ní ẹ̀dà kernel tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ní ẹ̀dà tó parí sí. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin yẹn ni alátùn-únṣe ń wá. Pípa gbólóhùn rẹ́ kì í sábà sí nínú iṣẹ́ náà.

Orúkọ, nọ́ńbà àti ohun tí ojú ń rí

Nínú kernel fúnra rẹ̀, àṣìṣe kò ju nọ́ńbà lọ. Iṣẹ́ tó bá kùnà yóò dá nọ́ńbà òdì padà, èyí tó wà láàárín -1 àti -4095. Glibc, ìyẹn library èdè C, ló máa gbà á, tí yóò dá -1 padà fún ètò yín, tí yóò sì fi nọ́ńbà gangan sínú `errno`. Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà yìí sínú ìwé. ENOSYS jẹ́ 38 lórí x86, 89 ló jẹ́ lórí MIPS. Orúkọ ni ká máa kọ.

Gbólóhùn tí `perror` ń tẹ̀ síta kò sì lè dúró fún ojú-ìwé. Ó ń túmọ̀ orúkọ àṣìṣe ní gbogbogbòò, kò mọ system call tó bí i. Ẹni tí `inotify_add_watch` bá fún ní ENOSPC yóò rí i kà pé àyè ti tán lórí dísìkì. Yóò wá máa pa fáìlì rẹ́ kiri, nígbà tó jẹ́ pé iye nǹkan tí aṣàmúlò kan lè máa ṣọ́ ló kún, tí dísìkì sì ṣófo gbáú. Abala ERRORS nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ wàhálà yẹn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó péye.

Bí àpèjúwe ṣe ń gbó

Ó lè gbó nítorí pé ìdí àṣìṣe ti ṣí lọ sábẹ́ orúkọ mìíràn. `mlock` ń de mẹ́mọ́rì mọ́lẹ̀ kí kernel má baà gbé e lọ sí swap. Títí kan Linux 2.6.8, ẹni tí kò ní àṣẹ pàtàkì kò lè lò ó rárá. EPERM ló ń gbà. Láti 2.6.9, kernel ń jẹ́ kí aṣàmúlò lásán de ìwọ̀n tí RLIMIT_MEMLOCK bá yọ̀ǹda fún un, tó bá sì fẹ́ kọjá rẹ̀, ENOMEM ni yóò rí. EPERM kò kúrò nílẹ̀: ó kù fún ẹni tí kò ní àṣẹ tí ààlà rẹ̀ sì jẹ́ òdo. Ìyípadà kan ṣoṣo ló sọ gbólóhùn kan di mẹ́ta.

Ó lè gbó nítorí pé ìdí tuntun ti kún ti àtijọ́. EAGAIN ti wà nínú `fork` tipẹ́, fún ẹni tó bá ti ní iye ètò tí ààlà rẹ̀ gbà. Linux 4.3 wá mú ọ̀nà kan wá tí cgroup fi lè dín iye ètò inú ẹgbẹ́ kan kù, nípasẹ̀ `pids.max`. Ẹni tó bá kọjá òǹkà yẹn, EAGAIN kan náà ló ń gbà. Ojú-ìwé tí kò bá dárúkọ `pids.max` kò parọ́, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí alábòójútó sáfà máa yẹ `ulimit` wò láti àárọ̀ di alẹ́ láìrí nǹkan kan.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà kò péye láti ìpìlẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àpèjúwe EMFILE nínú `open` ń sọ nípa iye fáìlì tí ètò ti ṣí. Kernel kì í ka fáìlì níbẹ̀. File descriptor ló ń kà, ìyẹn nọ́ńbà tí ètò fi ń di ohun tó ṣí mú. Fáìlì kan tí ẹ fi `dup` sọ di ọgọ́rùn-ún descriptor yóò gba àyè ọgọ́rùn-ún. Socket àti pipe náà ń gba àyè tiwọn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ, ó sì wúlò ju ìpínrọ̀ gígùn lọ.

Ti `fsync` tún yàtọ̀, nítorí orúkọ àṣìṣe kò yí, ohun tó ń fà á kò yí, ẹni tí wọ́n ń sọ fún ló yí. Bí kíkọ sórí dísìkì bá kùnà lẹ́yìn tí `write` ti ní ó ti tán, `fsync` ni yóò fi EIO sọ ọ́. Ṣáájú Linux 4.13, ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ló ń gbọ́. Àmì àṣìṣe yóò parẹ́, ẹni tó bá béèrè lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì gbà pé gbogbo rẹ̀ dára. Láti 4.13, gbogbo descriptor tó wà ní ṣíṣí lórí fáìlì náà nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ló ń gbọ́ ọ, lórí ọ̀pọ̀ filesystem tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí di ariwo ńlá ní 2018 láàárín àwọn tó ń kọ PostgreSQL. Wọ́n rí i pé pípe `fsync` lẹ́ẹ̀kejì kò lè gba data tó sọnù padà, wọ́n sì tún ètò wọn ṣe kó máa dáṣẹ́ dúró tí ìpè náà bá kùnà. Ojú-ìwé tó bá kàn kọ pé EIO wáyé nígbà tí ìkọsílẹ̀ kùnà kò sọ ohun tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nílò.

Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí ni `setuid`. Ètò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára root máa ń fi `setuid` bọ́ agbára náà sílẹ̀, kó di aṣàmúlò lásán kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó léwu. Láyé Linux 2.6, ìpè yìí lè kùnà pẹ̀lú EAGAIN bí aṣàmúlò tí ètò náà fẹ́ dà bá ti ní iye ètò tí RLIMIT_NPROC gbà fún un. Ẹ wo ohun tó wà nídìí ìyẹn: ètò lè rò pé òun ti di aṣàmúlò lásán kó sì jẹ́ root síbẹ̀. Ní 2010, àwọn kan gba ọ̀nà yìí di root lórí fóònù Android. Irinṣẹ́ wọn, RageAgainstTheCage, ń bí ètò kékeré lọ́tùn-ún lósì títí ààlà aṣàmúlò `shell` fi kún, ó wá pa `adbd`, ètò inú fóònù tó ń gba àṣẹ láti orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí `adbd` tún dìde gẹ́gẹ́ bí root tó sì pe `setuid`, ìpè náà kùnà. `adbd` kò wo èsì rẹ̀. Ó ń báṣẹ́ lọ tòun ti agbára root lọ́wọ́.

Linux 3.1, tó jáde ní 2011, yí ìlànà náà padà. `setuid` kò kùnà mọ́ nítorí RLIMIT_NPROC. Kernel ń fi àmì sí ètò náà lára, ó sì ń dúró de `execve` kó tó fi EAGAIN kọ̀ fún un, níbi tí ìkùnà kò ti lè fi agbára sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ wá kù sí ojú-ìwé `setuid`. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá jù yóò pa EAGAIN yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn alábòójútó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi kún un pé láti Linux 3.1 ìdí yìí kò wáyé mọ́, pé ètò tó bá fẹ́ dúró ṣinṣin ṣì yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì darí òǹkàwé sí EAGAIN ti `execve`. Mo fara mọ́ wọn pátápátá. Ètò tí ẹ kọ lónìí lè bọ́ sórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún kernel rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ojú-ìwé tó bá sì dákẹ́ yóò kọ́ ọmọ tuntun pé ìpè yìí kì í kùnà.

Kí ẹ tó gbé kálàmù

Inú kóòdù kernel ni ẹ óò kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi git gbà á sílẹ̀ tòun ti ìtàn rẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí ìtàn yẹn lẹ wá. Ẹnu ọ̀nà system call máa ń ní SYSCALL_DEFINE lórí. `git grep -n 'SYSCALL_DEFINE.*copy_file_range'` yóò mú yín dé `fs/read_write.c`. Láti ibẹ̀, ẹ tọ ipasẹ̀ ìpè lọ títí ẹ óò fi rí ibi tí wọ́n ti kọ `return -EXDEV`, tàbí orúkọ èyíkéyìí tí ẹ ń wá. Ẹ ka ohun tó wà nínú `if` tó ṣáájú rẹ̀ dáadáa. `if` yẹn ni àpèjúwe gidi. Ohun tó wà ní ojú-ìwé kàn ń sọ ọ́ lédè ènìyàn ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá ìgbà tó wọlé. `git log -S'EXDEV' -- fs/read_write.c` ń kó gbogbo ìyípadà tó fi orúkọ náà kún fáìlì tàbí tó yọ ọ́ kúrò. Tí ẹ bá ti mú commit tó bá ọ̀rọ̀ yín mu, ẹ fi `git describe --contains` bi í léèrè ẹ̀dà tó kọ́kọ́ gbé e. Bó bá dáhùn pẹ̀lú ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v5.19-rc, Linux 5.19 ni. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ tó wà lórí commit ṣírò ẹ̀dà. Ẹlòmíràn lè kọ patch lóṣù kejì, kó máa rìn láàárín àwọn alábòójútó fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó wọlé.

Kóòdù nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ rí àṣìṣe náà kó ṣẹlẹ̀. Ètò C tí kò ju ogún ìlà lọ máa ń tó. Ẹ ṣe ohun tó yẹ kó fa àṣìṣe náà, ohun yẹn nìkan, kí ẹ sì fi `strace` wò ó, nítorí `strace` ń tẹ orúkọ àṣìṣe gangan síta. Irú ìlà tí ẹ ń fẹ́ rí nìyí:

`copy_file_range(3, NULL, 4, NULL, 1048576, 0) = -1 EXDEV (Invalid cross-device link)`

Ẹ ṣe é lórí kernel tó ṣáájú ìyípadà àti lórí èyí tó tẹ̀lé e. QEMU lè gbé méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Ìṣọ́ra pọ̀ níbí ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ má ṣe ìdánwò nínú container. Docker ní àkójọ àwọn system call tó gbà láyè, èyí tí kò bá sì mọ̀, EPERM ló ń dá padà fún un tẹ́lẹ̀. Ní 2021, glibc 2.34 bẹ̀rẹ̀ sí fi `clone3` dá thread sílẹ̀. Ìrètí rẹ̀ ni pé kernel tí kò mọ `clone3` yóò dá ENOSYS padà, kí òun sì padà sí `clone` àtijọ́. EPERM ló bá nínú Docker tí wọn kò tíì tún ṣe, thread kò sì dìde. Àkójọ Docker ló fa EPERM yẹn, kì í ṣe kóòdù `clone3`. Ẹni tó bá gbé e lọ sí ojú-ìwé `clone3` ti ba ojú-ìwé jẹ́. SELinux náà lè fi EACCES dí ọ̀nà tí kóòdù system call fúnra rẹ̀ kò dí. Glibc pàápàá lè wọ àárín: láti 2.27, nígbà tí kernel kò bá ní `copy_file_range`, glibc a máa fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ní 2.30 wọ́n yọ ìyẹn kúrò, ENOSYS sì di ohun tí ètò ń rí ní tààràtà. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó bọ́ sínú `errno` ló jẹ́ ti kernel. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín Linux fún oníbàárà sì máa ń fa ìyípadà tuntun wọ kernel àtijọ́ láìyí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Kernel tó jáde tààrà láti kernel.org ni kí ẹ fi dán nǹkan wò.

EXDEV àti ẹ̀dà tí kò tíì dé

Mi ò mọ àpẹẹrẹ tó kọ́ni níṣẹ́ yìí ju ti `copy_file_range` lọ. Ìpè yìí dé pẹ̀lú Linux 4.5 ní 2016, kí ètò lè ní kí kernel da apá kan fáìlì kọ sínú òmíràn láìgbé data gba inú mẹ́mọ́rì ètò kọjá. Òfin rẹ̀ nígbà náà rọrùn: bí fáìlì méjèèjì kò bá sí lórí filesystem kan náà, EXDEV. Bẹ́ẹ̀ ni ojú-ìwé ṣe kọ ọ́, òótọ́ sì ni.

Ní 2019, Linux 5.3 yọ òfin náà. Bí filesystem kò bá ní ọ̀nà tirẹ̀, kernel fúnra rẹ̀ yóò dà á kọ, bí wọ́n tilẹ̀ wà lórí filesystem ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dà bí ohun rere, títí àwọn ètò fi bẹ̀rẹ̀ sí lo ìpè yìí lórí fáìlì bíi ti `/proc`. Fáìlì ibẹ̀ kò sí lórí dísìkì. Ìgbà tí ẹ bá ń kà á ni kernel ń ṣẹ̀dá ohun inú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń jẹ́ òdo lójú ẹni tó bá béèrè. `copy_file_range` wo ìwọ̀n yẹn, ó gbà pé kò sí nǹkan láti dà kọ, ó dá òdo padà láìsọ pé àṣìṣe kankan wà. Èdè Go, láti ẹ̀dà 1.15 ní 2020, ti ń lo ìpè yìí lábẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá da fáìlì kan kọ sínú òmíràn. Ẹni tó kọ ètò Go lè máà mọ̀ pé òun pè é rárá, fáìlì òfìfo ló kàn ń bá níwájú. Tẹ́lẹ̀, EXDEV ni ìbá gbà, Go ìbá sì gba ọ̀nà àtijọ́ ka fáìlì náà. Àṣìṣe tí wọ́n mú kúrò yẹn ló ti ń dáàbò bò ó.

Lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, wọ́n dá òfin padà ní ìrísí tuntun: ẹ lè dà á kọ láti filesystem kan sí òmíràn bí méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà tí irú yẹn sì mọ bí a ti ń ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, EXDEV. Wọ́n ti ń retí kí patch náà wọ Linux 5.12, tó jáde ní oṣù kẹrin 2021. Ojú-ìwé sáré ṣáájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti 5.12 ni nǹkan ti rí báyìí. Patch kò wọ 5.12. Kò wọ 5.13 tàbí 5.14. Linux 5.19 ló wọ̀, ní 2022. Fún ohun tó lé ní ọdún kan, ìwé ń sọ fún gbogbo ayé pé EXDEV ti padà sí ẹ̀dà tí kò sí nínú rẹ̀, títí ẹnìkan fi tún un ṣe tó fi 5.19 rọ́pò 5.12.

Àwọn tó kọ 5.12 mọ kernel dunjú, èrò wọn sì tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n kọ ìpinnu sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Òfin tí mo fà yọ nínú rẹ̀ le díẹ̀, n kò sì ní í tú u sílẹ̀: ẹ má ṣe kọ «láti ẹ̀dà báyìí» sójú-ìwé kankan àyàfi tí `git describe --contains` bá ti dárúkọ ẹ̀dà náà fún yín lórí igi Linus Torvalds. Bí patch bá ṣì wà lọ́wọ́ alábòójútó ẹ̀ka, ẹ múra àtúnṣe yín sílẹ̀, kí ẹ dúró.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Fáìlì ojú-ìwé jẹ́ lẹ́tà lásán tí wọ́n fi àmì troff sí lára. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `.TP`, orúkọ rẹ̀ sì wà ní ìlà tó tẹ̀lé e. Bí òótọ́ rẹ̀ bá ní ẹ̀dà tó dè é, ẹ̀dà náà ń bá orúkọ rìn:

`.BR EXDEV " (before Linux 5.3)"`

`.BR EXDEV " (since Linux 5.19)"`

Kò sí ohun tó burú nínú kí orúkọ kan jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn nígbà tí ìdí méjì bá wà fún un ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tẹ̀lé ètò a-b-d àwọn orúkọ. Ẹ yàgò fún gbólóhùn tí kò jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bóyá ẹ̀dà tí ẹ dárúkọ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. «Before» àti «since» kì í fàyè gba iyèméjì. Bí ìtàn náà bá gùn bíi ti `copy_file_range`, ẹ fi gbólóhùn kúkúrú sí ERRORS, kí ẹ gbé ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 5.3 sí 5.18 lọ sí abala BUGS. Ẹni tó ń wá EXDEV lóru kò ní àkókò fún ìtàn.

Ohun tó wà nínú `if` ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Bí kernel bá ń wo irú filesystem, ẹ kọ irú filesystem. Ìmọ̀ràn, ìkìlọ̀ àti ọ̀nà àbáyọ ní abala tiwọn. Ìlà tuntun ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lé lórí nínú fáìlì náà. Lójú ẹni tó ń kà á pẹ̀lú `man`, kò sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi git yẹ ìyípadà yín wò yóò rí ọ̀rọ̀ tó yí nìkan. Ojú-ìwé man-pages(7) ṣàlàyé àwọn òfin yòókù. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi `man ./copy_file_range.2` wo bó ṣe hàn, kí ẹ fi `mandoc -T lint` wá àmì tó bá gbòdì.

Ọ̀rọ̀ commit ṣe pàtàkì tó ojú-ìwé. Orí rẹ̀ ń dárúkọ ojú-ìwé àti abala, bíi `copy_file_range.2: ERRORS:`, kí ohun tí ẹ ṣe tẹ̀lé e. Nínú ara rẹ̀, ẹ dárúkọ commit kernel tó fa ìyípadà pẹ̀lú lẹ́tà méjìlá àkọ́kọ́ nínú àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ àti àkọlé rẹ̀. Ẹ kọ kernel tí ẹ fi dán an wò. Ẹ lẹ ètò kékeré tí ẹ fi dán an wò mọ́ ọn bí kò bá gùn. Alábòójútó kò lè mọ gbogbo igun kernel. Ẹ fún un ní ohun tó lè fi fúnra rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yín wò láìtún iṣẹ́ yín ṣe. Ìlà `Signed-off-by` ni yóò kẹ́yìn, fáìlì CONTRIBUTING nínú àpótí kóòdù náà yóò sì sọ ibi tí ẹ óò fi ránṣẹ́ sí.

Bó bá jẹ́ kernel ló ṣẹ̀

Nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ láàárín ìwé àti kernel kì í ṣe ẹ̀bi ìwé. Bí ẹ bá rí i pé kernel tuntun ń dá EINVAL padà níbi tí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń dá ENOSYS padà, tí ètò tó wà nílẹ̀ sì ti bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan ojú-ìwé. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka kernel yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Linus Torvalds kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyípadà tó bá ba ètò aṣàmúlò jẹ́, wọ́n sì lè dá a padà sí bó ṣe wà. Àtúnṣe ojú-ìwé yín yóò ti sọ ìjàmbá di òfin.

Ẹ sì má ṣe gbé POSIX wá láti fi bá kernel jà bí ẹ kò bá tíì kà á dáadáa. POSIX ya àṣìṣe tó gbọ́dọ̀ wáyé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó lè wáyé, ó sì gbà kí ètò ìṣiṣẹ́ dá àṣìṣe mìíràn tí kò sí nínú àkójọ rẹ̀ padà. Nítorí èyí náà ni n kò fi fara mọ́ àwọn tó fẹ́ kí ERRORS kó gbogbo nọ́ńbà tí awakọ̀ ẹ̀rọ kan lè ju sílẹ̀ jọ. Ẹ kọ èyí tí ẹni tó ń kọ ètò lè ṣe nǹkan sí.

Àwọn ojú-ìwé tó bá a tan

Àpèjúwe gbígbó kì í sábà dá wà. EAGAIN tí Linux 3.1 yí padà kò sí nínú `setuid` nìkan. `setreuid` àti `setresuid` ní irú rẹ̀, `execve` ló sì ń ru ẹrù náà báyìí. Kí ẹ tó ní iṣẹ́ ti parí, ẹ wá orúkọ àṣìṣe àti orúkọ ààlà náà nínú gbogbo abala kejì. `grep -l RLIMIT_NPROC man/man2/*` yóò kó àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ fún yín. Lára wọn ni `fork` yóò wà, tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nípa ààlà náà kò yí padà, kí ẹ má ṣe fi ìtara tún èyí tí kò bàjẹ́ ṣe. Kíka kóòdù ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́, ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ni patch tirẹ̀, kí alábòójútó lè gba mẹ́ta wọlé lónìí, kó sì dá ẹ̀kẹrin padà pẹ̀lú ìbéèrè láìdá àwọn yòókù dúró.